Asẹ́ Tó Funfun Jù

Asẹ́ náà funfun jù. Ohun tí Inspẹ́kítọ̀ Mutinta Hamoonga kọ́kọ́ rí nìyẹn, òun náà ni kò jẹ́ kó lè ṣísẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá olóògbé. Ó di asẹ́ náà mú ní igun méjèèjì bí ẹni di àwo ọbẹ̀ gbígbóná mú, ó gbé e síhà ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Funfun báláú. Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹjọ ni, ní Kitwe, ìlú àwọn awabàbà, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbá eruku òkìtì ìdàrọ́ kiri débi pé aṣọ téèyàn sá láàárọ̀ á ti dà bí àkísà ìnulẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Nínú irú oṣù yìí, kí ni asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ ń ṣe tó fi mọ́ bí aṣọ ìyàwó?

"Bá mi ṣí ti yàrá kejì," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì Ngosa.

Ngosa lọ sẹ́nu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e, ó ṣí àpótí kékeré tó wà lára ògiri, ní déédéé ìbàdí èèyàn, ó fa asẹ́ ibẹ̀ yọ. Eruku ti dì mọ́ ọn bí ìpẹ́ ẹja. Ó dúdú, àwọ̀ ewé díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, bí ohun èlò bàbà tó ti dípẹtà.

"Ọ̀gá, eléyìí dà bí ìdí ìkòkò."

"Yàrá ta ni?"

"Ti Ba Saili. Ọ̀rẹ́ olóògbé."

"Ti ẹni tó wà láàyè dọ̀tí, ti ẹni tó kú mọ́." Mutinta mi orí. "Ngosa, ó yẹ kó jẹ́ òdìkejì."

Ilé Ìsinmi Àwọn Awakùsà ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin tí eruku abẹ́ ilẹ̀ ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń gbé níbẹ̀, kálukú nínú yàrá tirẹ̀. Wọ́n ti lẹ gbogbo fèrèsé pa nítorí òkìtì ìdàrọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo tó ń wọ yàrá ni èyí tí fáànù kékeré ń fà láti ìta gba inú asẹ́ kọjá. Ba ni wọ́n fi ń pe àgbà níbẹ̀. Ba Lazaro Kabaso, olóògbé náà, ti gbé ibẹ̀ pẹ́ láìsí wàhálà, àfi bí èémí rẹ̀ ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í há. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ yá, ó ń jẹ nshima tí wọ́n fi àgbàdo rò, ó ń bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a padà sílé, àìsàn tún gbé e dè. Wọ́n tún gbé e lọ, ara rẹ̀ tún yá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, ó di apá aṣọ dókítà mú, ó ní, "Yàrá yẹn ló ń pa mí." Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó ni. Níjẹta, bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́ sínú ọkọ̀. Dókítà náà ò gbà pé àìsàn lásán ni. Ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

"Ọmọ Tonga! Ṣé asẹ́ lo wá ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn, àbí o rò pé awọ màlúù ni?"

Mátírọ́ọ̀nù Namakau Sitali ló ń bọ̀ yẹn, obìnrin gbàǹgbà kan tí ìdì kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀. Ọmọ Lozi ni, ẹ̀yà Lozi àti ẹ̀yà Tonga tó jẹ́ ti Mutinta ò sì lè pàdé kí wọ́n má fira wọn ṣẹ̀fẹ̀.

"Màmá, bó bá jẹ́ màlúù ni, ẹ̀yin Lozi ìbá ti dà á lọ kí n tó dé."

Namakau rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń fún àwọn kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ra kí wọ́n má dún. Mutinta rí i. Obìnrin ọlọ́pàá náà kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ bọ́ mọ́ òun lójú.

"Ta ló ń fọwọ́ kan àpótí asẹ́ yìí, Màmá?"

"Gbogbo èèyàn. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn bàbá lè máa gbọn eruku tiwọn nù fúnra wọn."

"Ṣé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́?"

"Èèwọ̀! Ẹnjiníà ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí."

"Ẹnjiníà wo?"

"Ẹnjiníà Lombe, ẹni tó ṣe é. Ó wà níbí lánàá, ó fẹ́ mú asẹ́ Ba Kabaso lọ, èmi ni mo ní kó dúró dè yín." Namakau rẹ ohùn sílẹ̀. "Ojú rẹ̀ ò balẹ̀ rárá."

Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá àgbà kan tó fi ọ̀pá gbé ara ró yọjú. Ba Titus Saili ni, gíga, gbígbẹ, pẹ̀lú fìlà ìgbà tó jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n fún ẹkún.

"Ọmọ mi," ó pe Mutinta, "ẹ̀rọ lẹ ń wò. Ẹ̀rọ ò pààyàn. Ẹ wo ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Evaristo yẹn. Káfíńtà ni, sípírítì ló fi ń ṣiṣẹ́, ilé olóògbé ló sì fẹ́ jogún. Gbogbo wa la gbọ́ ìjà wọn."

"Ẹ ṣé, Bàbá. A ó wò ó."

Ó dúpẹ́ tán, ó dúró, ó ń wo ẹ̀yìn bàbá náà títí tó fi wọlé.

*

Ẹnjiníà Kasanda Lombe, tí wọ́n ránṣẹ́ pè wá sílé náà, kò tíì jókòó tán tó ti béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, asẹ́ mi dà?"

"Asẹ́ yín?" ni Mutinta wí. "Mo rò pé ti olóògbé ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ínrín ni Lombe, onígíláàsì, ó ti fi eyín jẹ èékánná rẹ̀ tán. 

"Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò ní purọ́. Wọ́n fẹ́ fi asẹ́ mi sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri agbègbè yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan kú lábẹ́ rẹ̀, ó parí."

"Nítorí náà, ẹ fẹ́ palẹ̀ ẹ̀rí mọ́."

"Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe é ni!"

"Ẹ ṣàlàyé fún mi, kí n lè mọ̀ pẹ̀lú yín. Kí ló yàtọ̀ nínú asẹ́ yìí sí èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀?"

Nígbà tó kan iṣẹ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù fi ojú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó ní asẹ́ àtijọ́ ki bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Fáànù ní láti fi gbogbo agbára ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, ó ń jẹ iná bí ẹni ebi ń pa. Iná ìjọba ń lọ ní gbogbo ìgbà, èyí tí wọ́n sì ń gbà lára oòrùn lórí òrùlé kì í pẹ́ tán. Bí fáànù bá ti dúró, àwọn bàbá á máa mí gúlegúle bí ẹja tó wà lórí ilẹ̀.

"Mo wá ṣe èyí tó fẹ̀ lójú. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, fáànù ò ṣe làálàá, iná tó ń jẹ ò ju ti gílóòbù kékeré kan lọ. Bátìrì gbé e títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Bó bá fẹ̀ lójú, kí ni kò jẹ́ kí eruku náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́?"

Lombe yọ òòyà oníke kan lápò, ó fi ya irun orí rẹ̀ léraléra, ó já ìwé sí wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Ó gbé òòyà náà sún mọ́ ọn. Àwọn ìwé náà fò sókè, wọ́n lẹ̀ mọ́ òòyà bí ẹní pè wọ́n lórúkọ.

"Agbára yìí ni mo fi sínú òwú asẹ́ náà. Kò dúró de eruku kó wá há sójú ihò. Ó ń fà á."

Ó mú asẹ́ tuntun jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí ìwé wẹ́wẹ́. Wọ́n fò mọ́ ọn. Mutinta gba ti olóògbé lọ́wọ́ Ngosa, òun fúnra rẹ̀ gbé e lé wọn lórí. Ìwé ò mira. Ó tún un ṣe. Kò sí ohun tó mira.

Lombe yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó ti kú," ló wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀.

"Kí ló lè pa á?"

"Òróró. Omi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n sípírítì ló burú jù. Á fọ eruku rẹ̀ kúrò, á sì gba agbára inú rẹ̀ lọ. Ojú lásán á rò pé ó mọ́ ni. Àmọ́ gbogbo eruku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tó ń dé inú ẹ̀dọ̀fóró, á máa kọjá bó ṣe wù ú. Fún èmi àtẹ̀yin, ikọ́ lásán ni. Fún àwọn bàbá yìí..." Kò parí rẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé sípírítì ń pa á?"

"Gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tá a fi í síbẹ̀, mo dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kìlọ̀ títí tí wọ́n fi ń sín mi jẹ."

Mutinta gbé asẹ́ náà súnmọ́ imú. Òórùn kan wà nínú rẹ̀, ó ti ń lọ, ṣùgbọ́n kò tíì lọ tán, ó mú, ó tutù, ó ń ta ni nímú. Ó nà án sí Namakau, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ gbọ́ òórùn yìí?"

Namakau gbọ́ ọ, ó sì fa orí sẹ́yìn. "Oògùn olómi tá a fi ń para orúnkún. Sípírítì àti káńfọ̀ ni wọ́n pò pọ̀."

"Ta ló ń fúnni?"

"Èmi ni." Ojú rẹ̀ le. "Gbogbo wọn ni mo sì ń fún. Kò sí bàbá tí orúnkún ò dùn nínú ilé yìí. Ṣé o fẹ́ mú mi ni, ọmọ Tonga?"

"Kò tíì yá, Màmá," ni Mutinta wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

*

Inú gbọ̀ngàn ìjẹun ni Ngosa mú Evaristo wá. Ọwọ́ ọkùnrin náà pupa fún ohun tó fi ń kun àga àti tábìlì, òórùn sípírítì ń ti ara rẹ̀ jáde. Ngosa wo ọ̀gá rẹ̀ bí ológbò tó gbé eku wálé.

"O bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ jà," ni Mutinta bẹ̀rẹ̀.

"Mo bá a jà."

"Lórí ilé rẹ̀ ní Wusakile."

"Lọ́dọ̀ wa, ọmọ arábìnrin ẹni ló ń jogún ẹni, èmi nìkan ló sì kù, ta ló tún yẹ kó jogún rẹ̀?" Evaristo na ọwọ́ méjèèjì. "Ó ní àwọn opó lòun máa fún. Àwọn tí ọkọ wọn kú sínú iná tó jó lábẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ pípẹ́, níbi ìwakùsà. Ó ní ilé náà ò tọ́ sóun. Mo ní, Yamá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ dáná sun wọ́n ni?"

"Kí ló wá sọ?"

"Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá ńlá bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n dúró di ọjọ́ ìrántí wọn, pé èmi àti gbogbo ayé la jọ máa gbọ́ ọ." Ikọ́ gbà á. Ó wú u títí omi fi lé sí i lójú, ó nu ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú."

"Ó pẹ́ tí ikọ́ yìí ti mú ọ?"

"Láti bí òtútù ṣe ń lọ sílé. Bí mo bá wà nídìí iṣẹ́ mi, ó máa ń rọlẹ̀. Bí mo bá ti sun ibí, ó di ọ̀tun."

"O máa ń sùn síbí?"

"Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ta ni ì bá gbé omi fún un lóru?"

Nígbà tí wọ́n jáde, Ngosa ò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, kí lẹ tún ń wá? Sípírítì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé wà lójú rẹ̀, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ ìjà. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀."

"Ngosa, bí o bá da májèlé sínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣé wàá bù nínú rẹ̀?"

"Ká má rí i."

"Ọkùnrin yẹn bù nínú rẹ̀. Ó ń bù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó ti yí padà, ó ń lọ sí yàrá olóògbé. "Ẹni tá à ń wá ni ẹni tó mọ̀ pé ọbẹ̀ náà ò ṣeé jẹ. "

*

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì olóògbé, ó ní kí Ngosa dúró síta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo yàrá náà bí ẹni ń wo ojú àlejò tó ń purọ́. Bẹ́ẹ̀dì. Àpótí aṣọ. Ẹní Evaristo tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Tábìlì kékeré. Àga méjì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tábìlì láàárín.

Àga ìhín mọ́, ìjókòó rẹ̀ ti ń dán fún ìlò. Ó fi ìka kan ti ọ̀hún. Ìka rẹ̀ wọnú eruku bí ẹni fi í bọ ẹ̀lùbọ́. Wọ́n ń nu ilẹ̀ yàrá yìí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń nu àga, ìdí èèyàn ló máa ń nù ún. Ìdí ta ni kò sí lórí rẹ̀ mọ́?

Ó pe Namakau.

"Màmá, ta ló ń jókòó síbí?"

"Àga Ba Saili nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, ọ̀sán kan ò lè kọjá kí òun àti Ba Kabaso má ta nsolo, ayò ilẹ̀ wa, lórí tábìlì yẹn. Wọ́n á máa bú ara wọn bí ọmọdé."

"Ọpọ́n nsolo ọ̀hún dà?"

Namakau wo orí tábìlì bí ẹni tí kò tíì rí i rí. "Ó ti wà lọ́dọ̀ Ba Saili. Wọ́n kó ayò lọ sí yàrá tirẹ̀. Nígbà tó yá tí Ba Kabaso ò lè rìn mọ́, Ba Saili á dúró lẹ́nu ọ̀nà níbí, á kí i, á sì lọ. Ó ní orúnkún ni."

"Kí èémí Ba Kabaso tó bẹ̀rẹ̀ sí í há ni wọ́n kó ayò lọ, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Obìnrin náà ronú. Ọwọ́ rẹ̀ fi ìdì kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọ́n dún. "Àkókò kan náà ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Hamoonga, àkókò kan náà ni."

Mutinta wo àga eléruku náà. Orúnkún tó dun èèyàn kò ní kó máà lè jókòó. Ẹni tí orúnkún ń dùn, àga ló kọ́kọ́ ń wá. Saili sì ń gbé oògùn orúnkún náà lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn. Ó tún gbọ́ ìkìlọ̀ Lombe lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn. Àwọn ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tó fẹ́ràn Lazaro Kabaso, ẹnì kan ṣoṣo ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò sọ.

Kí ló dé, ni kò tíì yé e. Àwọn opó tí Evaristo dárúkọ ń lọ káàkiri nínú ọkàn rẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ wo ni Ba Saili ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ nígbà iná yẹn?"

"Òun ni ọ̀gá àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Òun àti Ba Kabaso nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó jáde."

*

Ó ní kí Lombe fi asẹ́ tuntun sínú àpótí náà, kí ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ngosa lọ tọrọ ọpọ́n nsolo lọ́wọ́ Ba Saili, kí ó sì mú bàbá náà wá pẹ̀lú rẹ̀.

Saili dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ ò kọjá àbáwọlé. Mutinta gba ọpọ́n lọ́wọ́ Ngosa, ó gbé e sórí tábìlì, ó ń pín ọmọ ayò sínú ihò.

"Bàbá, ẹ wọlé. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè nà yín nínú ilé yìí."

"Ibi tí mo wà tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n."

"Ó pẹ́ tó ti ń gbọ̀n."

"Àga yín rèé."

Bàbá náà wo àga, ó sì yí ojú kúrò. "Òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Èèyàn kì í ta ayò lórí ibi tí òkú kú sí."

"Inú ọkọ̀ ló kú sí, Bàbá. Ẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e jáde láàyè."

 Mutinta gbé ọmọ ayò kan sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ikọ́ bá gbà á. Ó kọ́kọ́ wú u lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́. Ó tún wú u. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ di tábìlì mú, èjìká rẹ̀ ń mì, àwọn ọmọ ayò ń bọ́ sílẹ̀. Ngosa sáré bọ̀, ó fi ojú dá a dúró.

Ojú Saili ti kúrò lára rẹ̀. Àpótí ara ògiri ló ń wò.

"Ọmọ mi," ló wí, "jáde."

Mutinta ń wúkọ́ lọ.

"Mo ní kí o jáde! Jáde níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa!"

Ikọ́ náà dúró. Mutinta gbé orí sókè, ojú rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

"Ta ló sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ ibí ò dáa?"

Bàbá náà bojú wẹ̀yìn. "Mátírọ́ọ̀nù," ló wí níkẹyìn. "Mátírọ́ọ̀nù ló sọ fún mi. Lónìí."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá fẹ́ràn ọ̀rọ̀." Ó dìde, ó lọ síbi àga ọ̀hún, ó fi ọwọ́ ya ìlà kan nínú eruku rẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyọ àkọ́kọ́ nínú eruku yìí bọ́ sórí àga yìí, Ba Saili, kò sí dókítà tó mọ̀, Mátírọ́ọ̀nù ò mọ̀, ẹnjiníà ò mọ̀. Evaristo tó ń sun ilẹ̀ níbí ò mọ̀. Ta ló sọ fún yín nígbà náà, tẹ́ ẹ fi gbé ayò yín lọ?"

Bàbá náà rọra jókòó sí àbáwọlé, síta.  Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Mutinta ló ń sọ ọ́ fún.

"Bí iná bá kọjá ilẹ̀kùn irin abẹ́ ilẹ̀ yẹn, gbogbo ihò kùsà ló máa jó. Mo ní kí wọ́n tì í. Lazaro ló bá mi yí i. A ti tì í tán ká tó gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń gbá a láti inú."

"Ẹ ò ṣí i."

"Mi ò ṣí i." Ó nu ojú. "Ilé iṣẹ́ sọ fún àwọn opó pé èéfín ti pa wọ́n kí ilẹ̀kùn tó tì. A dákẹ́. A dákẹ́ títí irun wa fi funfun. Lọ́dún yìí ni Lazaro wá ní òun máa dìde lọ́jọ́ ìrántí, òun máa sọ pé wọ́n wà láàyè. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀."

"Ẹ wá pa á."

"Rárá! Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kó lọ. Mo ní bí ikọ́ bá gba ohùn rẹ̀ títí ọjọ́ yẹn á fi kọjá, ó tó. Mi ò fẹ́ kó kú. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Mutinta lóṣòó síwájú rẹ̀. Àánú bàbá náà fẹ́ ṣe é, ó sì bínú sí àánú náà.

"Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn tí ara rẹ̀ yá, tó padà wá, ẹ tún da oògùn sí asẹ́ rẹ̀. Ó tún lọ, ó tún padà, ẹ tún dà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí eruku ṣe ń pa awakùsà. Èèyàn lè ṣèèṣì lẹ́ẹ̀kan, Bàbá."

Saili na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ngosa mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó wo àwọn ọrùn ọwọ́ tín-ínrín náà, ó dá a padà sápò. Bí wọ́n ṣe ń sin bàbá náà lọ sídìí ọkọ̀, àwọn àgbà ìyókù jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kankan ò pè é lórúkọ. Lombe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ògiri, ó ń de àgádágodo kékeré kan mọ́ ọn.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrántí, obìnrin àgbà kan wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó ró aṣọ chitenge dúdú, ó fi ọ̀kan wé orí. Bana Katongo ni, ìyẹn ìyá Katongo, olórí àwọn opó. Ó ní òun fẹ́ rí Titus Saili. Mutinta mú un wọlé, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Obìnrin náà jókòó dojú kọ Saili. Kò kígbe, kò ṣépè.

"Lazaro wá bá mi," ló wí. "Kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó kúnlẹ̀ nínú ilé mi, ó ní wọ́n wà láàyè nígbà tí ilẹ̀kùn tì. Mo bi í pé, ta ló ní kí wọ́n tì í? Ó ní, 'Bana Katongo, ọwọ́ tèmi ni mo lè fi hàn yín. Ẹnì kejì wà, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn. Mò ń dúró dè é.' Inú bí mi. Mo lé e jáde bí ajá."

Saili ti gbé orí sókè.

"Kò dárúkọ rẹ fún mi, Titus. Kò sì ní dárúkọ rẹ lónìí, ká ní ó wà láàyè. Ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ sọ."

Ohùn kan jáde lára bàbá náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀, kì í ṣe ikọ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ara rẹ̀ ń lọ síwájú sẹ́yìn. Mutinta ti gbọ́ ẹkún ọ̀daràn rí, ti ẹni tí wọ́n mú, ti ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n. Kò gbọ́ irú èyí rí. Ó wo ilẹ̀.

Bana Katongo dúró dè é títí tó fi dákẹ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn," ló wí. "Ṣé o mọ ohùn wọn?"

"Mo mọ̀ wọ́n."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ń pe orúkọ mi."

"Ó dáa. Ìwọ náà pe tiwọn."

Ngosa na ọwọ́ sí bírò, Mutinta mi orí sí i, ó fi í sílẹ̀. Saili fa èémí, èyí tó rí fà. Orúkọ bàbá Katongo, ọkọ obìnrin náà, ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà di ojú, ó rọra mú etí tábìlì, ó sì jókòó gbọn-in.

"Ta ló kù?" ló wí.